Àgọ́ létí òkun, ìwọ̀ lọ́wọ́, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní etíkun Èkó

Láti ìgbà tí mo ti ń mú Tanímọ̀la, ajá mi, lọ sùn létí òkun, ìbéèrè kan náà làwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ń bi mí ṣáá. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan. Ajá ìbílẹ̀ ni Tanímọ̀la, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ekuke nígboro, ó sì wúwo tó kílò 18. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ajá gbọ́n nínú ilé, ó gbọ́n ní àdúgbò, àmọ́ kò mọ òkun rárá. Ẹni tó mú un lọ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fún un.

Ibo gan-an lẹ máa ń lọ?

Apá ìwọ̀ oòrùn ẹnu òkun Èkó ni: Tarkwa Bay, Lighthouse Beach, títí dé Ìlàṣẹ. Ilẹ̀ oníyanrìn tóóró ni, òkun wà níwájú rẹ̀, omi tó lọ sápá Àgbádárìgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí afárá tó débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ láti Àpápá tàbí Victoria Island. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lè wa mọ́tò lọ sí etíkun Ìbẹ́jú-Lẹ́kí tàbí Àgbádárìgì, gbogbo ohun tí mo bá sọ níbí wúlò lọ́hùn-ún náà.

Omi Tarkwa Bay pa rọ́rọ́ ju tàwọn tó kù lọ. Odi òkúta tí wọ́n kọ́ wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín ọdún 1908 sí 1912, kí ọkọ̀ ńláńlá lè rí ọ̀nà wọlé, ló ń gba ìgbì sílẹ̀ fún un. Odi yìí kan náà ló jẹ́ kí yanrìn tí òkun ń wọ́ bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kó jọ sí Lighthouse Beach, tí òkun sì ń jẹ Bar Beach lódìkejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ajá yín máa rí òkun nìyẹn, Tarkwa Bay ni kí ẹ lọ. Ìlàṣẹ dùn ún pẹja ní tiẹ̀, àmọ́ òkun gbangba ni, kò sí ohunkóhun tó ń dá ìgbì lẹ́kun níbẹ̀.

Oṣù wo ló dára jù?

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Òjò ti dáwọ́ dúró, ìgbì sì rọlẹ̀ ju ti àkókò òjò lọ. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án, ìgbì a máa ga, òkun a sì máa ya wọ etí ilẹ̀ nígbà míì, ibi tí ẹ bá pàgọ́ sí nírọ̀lẹ́ lè di inú omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́, ẹ mú aṣọ tó nípọn dání, otútù òru létí òkun kò jọ ti inú ilé. Ajá onírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tèmi a máa gbọ̀n.

Báwo lèèyàn ṣe ń gbé ajá wọ ọkọ̀ ojú omi?

Ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn kan kì í gba ajá, òmíràn á sì ní kí ẹ san owó gbogbo ọkọ̀. Mo fara mọ́ èyí tí wọ́n ní kí n san ti gbogbo ọkọ̀, torí kò tọ́ ká fi ajá há ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ orí omi tí kò ti lè sá. Mùsùlùmí náà wà tí kò ní fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun kó tó kírun.

Ẹ má fún un lóúnjẹ ní wákàtí mẹ́ta tó ṣáájú, kó má baà bì. Ẹ rìn ín kó tọ̀, kó ṣu. Nínú ọkọ̀, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ fi ajá sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má so okùn náà mọ́ ọkọ̀ láé! Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ajá tí a so mọ́ ọn yóò bá a lọ. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì pọn dandan fún èèyàn, wọ́n sì ń ṣe ti ajá, èyí tó ní ọwọ́ lẹ́yìn tí a fi lè gbé e jáde nínú omi. Ẹ rí i pé ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Abẹ́rẹ́ wo ló yẹ kó ti gbà?

Ti dìgbòlugi ló ṣáájú. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ajá ti ń gba èyí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání. Ajá pọ̀ ní àwọn abúlé etíkun, wọ́n á wá fi imú kan tiyín, ìjà sì lè ṣẹlẹ̀. Tí ajá èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wo bóyá ajá náà á ya dìgbòlugi, ẹ má sì fi epo tàbí àgbo ra á. Tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ni náà tó yè é.

Ẹ fún un lóògùn aràn àti oògùn eégbọn ní bíi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ.

Ta la máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ibo la sì ń pàgọ́ sí?

Kò sí yanrìn tí kò lólówó. Ẹ béèrè baálẹ̀ tàbí ẹni tó ń mójú tó etíkun náà, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ajá wà pẹ̀lú yín, ẹ sì san ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ san. Èrè rẹ̀ ju owó yẹn lọ, torí àwọn ló máa sọ fún yín ibi tí omi ti ń fà àti ibi tí kò yẹ kẹ́ ẹ dé.

Ẹ wo ìlà pàǹtí tí òkun kó sílẹ̀, àwọn igi, ọ̀rá àti ewé òkun. Ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn. Ẹ rìn kọjá rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó pàgọ́. Òkun Èkó kì í lọ sókè sódò púpọ̀, bíi mítà 1 náà ni, àmọ́ tí oṣù bá lé tuntun tàbí tó bá mọ́lẹ̀ roro, ó máa ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ àgbọn tó ní èso lórí.

Èèkàn tí wọ́n ń tà mọ́ àgọ́ kì í dúró nínú yanrìn. Àpò ìrẹsì òfìfo ni mo máa ń mú lọ, mẹ́fà. Mo máa ń rọ yanrìn kún un dé ìdajì, màá so okùn àgọ́ mọ́ ọrùn rẹ̀, màá gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, màá sì bò ó mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan kò tíì tú u rí.

Iná èédú kò gbọ́dọ̀ wọnú àgọ́, bó ti wù kí otútù mú tó. Èéfín rẹ̀ tí a kì í rí máa ń pa èèyàn lójú oorun.

Ṣé ìta ni ajá máa sùn ni, àbí inú àgọ́?

Inú àgọ́, tàbí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú okùn kúkúrú. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ìta ni ajá ń sùn kó lè ṣọ́ ilé, àmọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ilé rẹ̀. Akàn ń rìn káàkiri lóru, ajá àjèjì ń kọjá, àwọn ìjọ aláṣọ funfun sì máa ń wá gbàdúrà létí omi pẹ̀lú agogo àti orin. Àwọn èèyàn yìí ti ń wá síbẹ̀ tipẹ́. Kò bójú mu kí ajá wa máa gbó mọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń ké pe Olúwa. Tí Tanímọ̀la bá wà nínú àgọ́ tó ń gbọ́ èémí mi, á kàn gbé etí sókè, á sì tún dùbúlẹ̀.

Ẹja wo lèèyàn lè rí pa láti etí omi, kí ló sì ń jẹ ìwọ̀?

Apò ni èrò ọkàn gbogbo wa, obòkún ló sì máa ń pọ̀ jù. Kúta máa ń wá sápá ibi tí òkúta wà, lẹ́bàá odi òkun. Ìjẹ tí kò já mi kulẹ̀ rí ni edé tútù, mo máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹja lówùúrọ̀. Tí kò bá sí edé, màá gé ṣàwá sí wẹ́wẹ́, tawọ-tawọ kó má tètè já. Okùn ìwọ̀ tó lè fa kílò 10 sí 15 ti tó, pẹ̀lú òjé tó wúwo díẹ̀ kí ìgbì má baà máa gbé e padà wá bá yín.

Àkókò ṣe pàtàkì ju irú ọ̀pá lọ. Ìdájí títí oòrùn á fi là, àti láti bíi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ sí alẹ́, pàápàá nígbà tí omi bá ń kún bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúró, ẹ wo ojú òkun. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun, yanrìn ló ga lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí kò ti fọ́, tí omi dúdú díẹ̀, kòtò ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹja máa ń gbà kọjá. Ẹ ju ìwọ̀ sétí kòtò yẹn.

Ẹ̀gún obòkún lóró. Mẹ́ta ni, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi àkísà nípọn dì í mú, ẹ gé ẹ̀gún náà kúrò kí ajá tó débẹ̀, ẹ sì gbẹ́lẹ̀ sin ín. Tó bá gún èèyàn, tàbí tí ẹja pẹlẹbẹ onírù pàṣán bá ta èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹ ki ojú ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tí awọ lè fara dà fún bíi wákàtí kan. Ooru ló ń pa oró náà.

Kí lẹ máa ń ṣe kí ìwọ̀ má há ajá lẹ́nu?

Mo ti fojú rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí èyí.

Lọ́jọ́ kan ní Ìlàṣẹ, mo fi ọ̀pá ìwọ̀ ti ara igi àgbọn, edé ṣì wà lẹ́nu ìwọ̀, mo lọ mu omi. Kí n tó yíjú padà, Tanímọ̀la ti gbé edé náà. Ìwọ̀ wọlé sí ètè òkè lápá òsì. Kò ké. Ó kàn dúró gbọn-in, ó gbé orí sókè, ó ń wò mí, okùn náà ń gbọ̀n láàárín òun àti ọ̀pá, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí yanrìn, ẹyọ kan, ẹyọ kejì. Ká ní ó sá ni, ètè náà ìbá ya.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó lójú, ó gbá a mọ́ra, ó ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gé okùn. Ìwọ̀ ní ẹ̀gún kékeré kan tó kọ ẹnu sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fà jáde bó ṣe wọlé. Mo tì í síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi yọ lódìkejì ètè, mo fi ẹ̀mú onírin gé ibi tí ẹ̀gún náà wà, mo wá fa ìyókù padà sẹ́yìn. Ó rọra yọ. Mo fi omi tútù tó mọ́ ṣan ojú rẹ̀, lọ́jọ́ kejì a sì gba ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìjẹ kì í wà lẹ́nu ìwọ̀ tí kò bá sí lọ́wọ́ mi. Àpótí tó ní ìdérí ni mo ń kó ìwọ̀ àti edé sí. Mo sì máa ń so Tanímọ̀la mọ́ ibi tó jìnnà sẹ́yìn mi tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, torí nígbà tí èèyàn bá ń ju ìwọ̀, ẹ̀yìn ni ìwọ̀ ń kọ́kọ́ lọ.

Tó bá ti gbé ìwọ̀ mì ńkọ́?

Ẹ má fa okùn náà o! Ẹ gé e, kí ó ṣẹ́ kù gígùn bí apá lẹ́nu rẹ̀, ẹ so ó mọ́ kọ́là ọrùn rẹ̀ láìfà á le, torí ó máa wúlò fún dókítà. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má mú kó bì. Ẹ wọkọ̀ kíá. Nítorí èyí, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti mọ dókítà ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn ni nǹkan ṣe, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó.

Ṣé ó lè jẹ nínú ẹja tí a pa?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá bọ̀ ọ́, tí ẹ yọ gbogbo egungun. Ẹ yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ kí ata àti àlùbọ́sà tó wọ̀ ọ́, torí àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹja tó ti kú sórí yanrìn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Irú kan wà tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ le, eyín rẹ̀ sì tò bí ẹnu ẹyẹ. Oró rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ̀, ó lè pa ajá, ó lè pa èèyàn. Ewé òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti ń ya wọ etíkun wa láti ọdún 2011 náà wà, tó bá jẹrà á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ajá yín jẹ ẹ́ tàbí kó máa yí nínú rẹ̀.

Omi mélòó ni kí n gbé?

Nílé, ajá kílò 18 ń mu bíi lítà 1 lójúmọ́. Létí òkun, ẹ fi ìlọ́po méjì ka a. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, fún ìdí èyí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́ ni tiẹ̀ nìkan. Odindi àpò kan ni mo máa ń rà. Ẹ máa fún un mu kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, torí tí òùngbẹ bá ti gbẹ ẹ́, òkun ló máa lọ lá. Omi iyọ̀ ń mú kó bì, kó yàgbẹ́, tó bá pọ̀, gìrì lè mú un.

Láti aago mọ́kànlá sí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ ibòòji. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan yanrìn: tí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa bó. Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdákẹ́, tí itọ́ rẹ̀ nípọn, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ da omi sí i lára, ní ikùn àti abẹ́ apá, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ṣé ajá kò mọ omi wẹ̀ ni?

Ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀sà ló mọ̀ ọ́n dé. Òkun tiwa ní omi kan tó máa ń fà lọ sínú agbami láàárín ìgbì méjì, ó lágbára ju òmùwẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Okùn gígùn ni kó wà lọ́rùn rẹ̀, kí omi má ju orúnkún yín lọ. Tí omi bá sì gbé e, ẹ má kó sí i tẹ̀ lé e. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára, àmọ́ ajá sábà máa ń rí ọ̀nà padà nígbà tí omi bá ti dẹwọ́, ẹni tó bẹ́ tẹ̀ lé e ni kì í padà. Ẹ sá lẹ́bàá etí omi, ẹ máa pè é láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti ń fà, kí ẹ sì ké sí àwọn apẹja.

Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n níwájú àgọ́ wa. Kí ni ká ṣe?

Ẹ di ajá yín mú, kí ẹ wò. Nǹkan tó rẹwà jù ní etíkun náà nìyẹn. Ọkọ̀ á gbé àwọ̀n lọ sínú òkun ní kùtùkùtù, á yí i ká, okùn méjì á wà létí ilẹ̀. Àwọn Ègùn, Ìlàjẹ àtàwọn ará Gánà tó ń gbé níbẹ̀ á tò sẹ́yìn okùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fà á pẹ̀lú orin, ẹni tó bá fà á dé ìparí á sáré padà lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú. Ó lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àpò àwọ̀n bá yọ, fàdákà ṣàwá á máa ta pìtìpìtì nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé á ya bò ó.

Ajá tó bá wọ inú àwọ̀n yẹn á fi èékánná ya á, oúnjẹ ilé mélòó kan lẹ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ lọ bá wọn fa okùn. Wọ́n á fún yín lẹ́ja, ẹ gbà á tọwọ́ méjèèjì.

A rí ipa kan bí ti táyà lórí yanrìn lówùúrọ̀. Kí ni?

Ìjàpá òkun ló wá yé ẹyin lóru. Láti bíi oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ni wọ́n ń wá. Wọ́n lè yé tó ọgọ́rùn-ún ẹyin sínú kòtò kan, ó sì ń gbà tó oṣù méjì kó tó pa. Imú ajá á rí ibẹ̀ kí ojú yín tó rí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa fi wú gbogbo rẹ̀. Ẹ mú un kúrò níbẹ̀, ẹ má tan iná mọ́lẹ̀ lójú ìyá ìjàpá tó bá ń gòkè, ẹ má sì ra ẹyin tàbí ẹran rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ẹranko tó la òkun kọjá kó tó padà wá bímọ lórí yanrìn, kò yẹ kó jẹ́ pé ajá tiwa ló máa tú ilé ọmọ rẹ̀.

Jìgá ńkọ́?

Ó wà, pàápàá nítòsí abúlé tí ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá ti ń rìn fàlàlà. Ẹ wọ bàtà. Lálẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín àti tajá. Eṣinṣin kan tún wà tó ń yé ẹyin sínú yanrìn tí ìtọ̀ ti wọ̀, ìdin rẹ̀ á wọ awọ ara, á wú bí eéwo. Ẹ fi Vaseline bo ojú rẹ̀ kó má rí afẹ́fẹ́, á yọrí, ẹ wá rọra tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má sá táwẹ́ẹ̀lì sórí yanrìn.

Tí a bá fẹ́ kúrò?

Ẹ ká okùn ìwọ̀ tó já, gbogbo rẹ̀ pátá, torí ẹsẹ̀ ẹyẹ àti ti ọmọdé ló ń há sí i. Ẹ kó ìgbẹ́ ajá sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e lọ pẹ̀lú pàǹtí yín, torí aràn inú rẹ̀ lè wọ ẹsẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Nílé, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ fi omi tútù tó mọ́ wẹ ajá náà, kí iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣí etí rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Tanímọ̀la máa ń sùn títí di ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa sá eré nínú oorun.